Orí Keje: Ìdámọ̀ Àwọn Kátíríìjì Àtijọ́ Tí A Ṣà Jọ Nígbà Èwe

Orí yìí wà fún ẹni tí ó ní agolo tàbí àpótí kan nílé, ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní àwọn ìletò agbègbè ìlú méjèèjì, tí ó kún fún èèpo ọta àti kátíríìjì tí ó ṣà jọ nígbà tí ó wà lọ́mọdé, tí ó sì wá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́, irú ìbọn tí ó ni ín àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ohun tí ọmọdé bá ṣà kì í ní ètò: èèpo tí àwọn ọmọ ogun sọ nù lẹ́yìn ìdánrawò, kátíríìjì ọdẹ tí òjò ti pa, òjé róbótó tí ó jáde níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, àti ọta tí baba àgbà kan tí ó ja ogun Bọ́ma fi sílẹ̀, gbogbo wọn lè jọ wà nínú agolo kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí olùkójọ tó béèrè orúkọ ohunkóhun nínú wọn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣì lè dún. Ẹni tí ó bá ń wá orúkọ kí ó tó mọ̀ bóyá ohun tí ó dì mọ́wọ́ kún tàbí ó ṣófo ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó sì ń fi ti àwọn ará ilé rẹ̀ wewu pẹ̀lú.

Ẹ̀yà mẹ́rin ni ó para pọ̀ di odindi kátíríìjì, ó sì yẹ kí olùkójọ mọ̀ wọ́n dájú nítorí pé orí wọn ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó ń bọ̀ dúró lé. Èèpo ni ilé tí ó gba ìyókù sínú, idẹ ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onírin, onípépà líle àti oníke wà pẹ̀lú. Ọta ni òjé tí ó máa ń fò jáde, yálà òjé lásán tàbí òjé tí a fi bàbà tàbí irin bò lára. Ẹ̀tù wà nínú èèpo, òun ni ó máa ń jó tí afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ yóò sì ti ọta jáde. Èyí tí ó kéré jù lọ ni ìtanná, ìyẹn ife róbótó kékeré tí ó wà láàárín ìdí èèpo, tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún. Oògùn inú rẹ̀ kì í dúró de iná kí ó tó dún, kí nǹkan kàn án gbà lásán ti tó.

Àwọn ohun èlò

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè kò pọ̀, a sì lè rí gbogbo rẹ̀ rà ní ọjà Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́. Olùkójọ nílò rúlà tí a fi mìlímítà sàmì sí, kálípà oníke tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti rewáyà ń lò láti fi wọn nǹkan kéékèèké, awò amúǹkan-tóbi, tọ́ọ̀ṣì, òòfà kékeré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó rọ̀, aṣọ òwú mímọ́, ìwé àjákọ àti pẹ́ńsù, àwọn àpò pépà kéékèèké, fóònù tí ó ń ya àwòrán dáadáa, àti báàkẹ́ẹ̀tì yanrìn gbígbẹ kan. Oníke ni ó yẹ kí kálípà jẹ́, nítorí pé ẹnu kálípà onírin lè ha idẹ tàbí kí ó rọ́ lu ìtanná bí ọwọ́ bá yọ̀.

Àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ sí lórí tábìlì náà ṣe pàtàkì ju àwọn tí ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ. Òòlù, ẹ̀mú, fáìlì, ìlu, àbẹ́là, sìgá àti omi gbígbóná kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, nítorí pé kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú orí yìí tí ó ní kí a ṣí kátíríìjì, kí a fà á ya, kí a lù ú tàbí kí a yá a nínú oòrùn tàbí lẹ́bàá iná. Kí iṣẹ́ náà wáyé ní ọ̀sán, ní ìloro tàbí lábẹ́ ibòji, jìnnà sí ilé ìdáná àti jẹnẹrétọ̀, kí a sì kọ́kọ́ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀.

Ohun tí òfin wí

Òfin ìbọn ti ilẹ̀ Nàìjíríà tí a ṣe ní 1959, tí ó ṣì fìdí múlẹ̀ títí di òní, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ní ọta ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ láìní ìwé àṣẹ, ó sì ka àwọn ẹ̀yà tí ó para pọ̀ di ọta mọ́ ọta fúnra rẹ̀. Kí olùkójọ má ṣe rò pé pípẹ́ tí nǹkan náà ti pẹ́, tàbí pé ọmọdé ni òun nígbà tí òun ṣà á, yóò dá òun láre. Bí ó bá fẹ́ tọ́jú èèpo òfìfo pàápàá, kí ó gba ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò ná. Kí ó má ṣe gbé agolo náà wọ dánfó tàbí kẹ̀kẹ́ lọ fi han ọ̀rẹ́, nítorí pé ọlọ́pàá tí ó bá bá ọta nínú báàgì ènìyàn lójú ọ̀nà kò níṣẹ́ méjì ju kí ó mú un lọ. Ìkìlọ̀ yìí tún le jù ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí èèpo òfìfo kan ṣoṣo ti lè dá ìrìnàjò dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ojú ṣáájú ọwọ́

Kí olùkójọ má ṣe da agolo náà sílẹ̀ gbàràgàdà. Kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí ó wo ohun tí ó wà lókè, kí ó sì máa mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ tí ó nípọn. Bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èyí tí ó hàn gbangba pé ó ṣófo, èyí tí ọta ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tàbí tí kò dáni lójú, àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn mọ́ rárá.

Ọ̀wọ́ kẹta yìí ni ó ń pa ènìyàn. Ohunkóhun tí ó bá nípọn ju kátíríìjì ìbọn ọdẹ lọ, tí ó ní ìrù bí ìyẹ́ ẹja, tí ó ní òrùka bàbà yíká ara, tí imú rẹ̀ ní ìdérí tí ó dà bí ohun tí a lè yí, tàbí tí ó ní pín-ìnnì àti ọwọ́ irin lára, kì í ṣe ọta lásán. Ó lè jẹ́ bọ́ǹbù kékeré, ó sì lè ní oògùn abúgbàù nínú ara rẹ̀, yàtọ̀ sí ẹ̀tù tí ó máa ń tì í jáde. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú agolo, iṣẹ́ ìdámọ̀ parí níbẹ̀: kí olùkójọ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó kó gbogbo ènìyàn jìnnà, kí ó sì pe 112 tàbí 767, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó.

Ìdí pàtàkì wà tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ará Èkó. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2002, iná ran ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní báráàkì àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì ń fò káàkiri ìgboro. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí ó kú, ọ̀pọ̀ wọn nínú odò Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀, níbi tí wọ́n sá dé nínú òkùnkùn láìmọ̀ pé omi ni. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó fò jáde lọ́jọ́ náà ni ó bú gbàù. Àwọn kan bọ́ sílẹ̀ láìdún, àwọn ọmọdé sì máa ń ṣa ohun tí ó bá ń dán. Olùkójọ tí ó bá gbé ní Ìkẹjà, Oṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ nígbà èwe rẹ̀ kí ó tó kó wá sí Ìkòròdú, kí ó fura sí ohunkóhun tí kò bá dá a lójú nínú agolo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ó kún ni tàbí ó ṣófo?

Èèpo tí kò ní ọta lẹ́nu, tí a lè fi tọ́ọ̀ṣì rí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ìbọn sì ti gún ìtanná rẹ̀ wọnú, ni a lè pè ní òfìfo. Gbogbo àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣófo ṣùgbọ́n tí ìtanná rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ láìní ojú abẹ́rẹ́, ẹnìkan ni ó ti yọ ọta àti ẹ̀tù rẹ̀, ìtanná náà sì lè dún kí ó gé ìka tàbí kí ó fọ́ ojú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú abẹ́rẹ́ wà ní ìdí ṣùgbọ́n tí ọta ṣì wà lẹ́nu, èyí burú jù: wọ́n ti yìn ín rí, ó kọ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò mú un gbà nígbà kejì. Inú ọ̀wọ́ àìfọwọ́kàn ni kí ó wà.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé, méjèèjì kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Èkíní ni mímì, pé bí kò bá ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ṣófo. Nínú ọ̀pọ̀ kátíríìjì .303 àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tù náà kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú, bí kò ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a dì pọ̀ tí ó sì kún inú èèpo gbágbáágbá, orúkọ rẹ̀ ni cordite, kì í sì í ró bí a bá mì ín. Èkejì ni ìgbàgbọ́ pé omi tàbí òróró ti ba ẹ̀tù jẹ́. Kátíríìjì tí ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tàbí nínú ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ṣì ní ẹ̀tù gbígbẹ nínú bí ẹnu rẹ̀ bá dì dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ìtanná àtijọ́ náà lè ṣì dún. Àwọn àgbà kò ṣì sọ tí wọ́n fi ní ìbọn lápátí, ìbọn kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun. Ohun tí kò bá dájú, kí a kà á sí èyí tí ó kún.

Kátíríìjì ìkọ́ṣẹ́ wà pẹ̀lú, tí àwọn ọmọ ogun fi ń kọ́ bí a ti ń ki ìbọn. Wọ́n sábà máa ń lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn kì í sì í fi ìtanná gidi sí i. Èyí tí a ń yìn fún ariwo lásán kì í ní ọta, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n máa ń ká pọ̀ bí ìràwọ̀. Kí olùkójọ ka èyí tí a kò tíì yìn nínú wọn mọ́ àwọn tí ó kún, nítorí ẹ̀tù wà níbẹ̀.

Láti ibi yìí lọ, èèpo òfìfo nìkan ni a ń fọwọ́ kàn. Àwọn tí ó kún, kí a ya àwòrán wọn níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, kí a fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìfọwọ́kàn wọ́n kí a lè fojú wo ìwọ̀n wọn nínú àwòrán, kí a sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tí a ti rí i

Kí olùkójọ tó fọ ohunkóhun, kí ó kọ ohun tí ó bá rántí nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí ó ti ṣà á, bí ó ti jìn tó nínú ilẹ̀, ohun mìíràn tí ó wà nítòsí rẹ̀, àti ọdún tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ àgbọ́sọ, kí ó kọ ọ́ pé àgbọ́sọ ni. Kí ó fi èèpo kọ̀ọ̀kan sínú àpò pépà tirẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà sára àpò náà, kí ó sì kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé. Àpò náìlọ́ọ̀nù kò dára, nítorí pé ó máa ń há ọ̀rinrin mọ́ idẹ. Èèpo kan tí a mọ̀ pé ó ti ilẹ̀ oko kan lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde jáde wúlò fún ìtàn ju ogún tí ó dán ṣùgbọ́n tí a kò mọ orísun wọn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìmọ́tótó díẹ̀

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, aṣọ gbígbẹ àti sùúrù ti tó. Kí a má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́, ásíìdì bátìrì, sáńpépà tàbí oògùn ìfọdẹ fọ̀ ọ́, nítorí pé àmì ìdí rẹ̀ lè pa rẹ́, òun gan-an sì ni a ń wá. Amóníà tí ó wà nínú àwọn oògùn ìfọdẹ kan tún máa ń mú kí idẹ sán. Ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọ̀rúndún 19, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí i pé èèpo ọta tí wọ́n kó sítòsí ilé ẹṣin máa ń sán fúnra wọn ní àsìkò òjò. Ìtọ̀ ẹṣin ni ó ń tú amóníà sínú afẹ́fẹ́. Bí agolo olùkójọ bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ tàbí ilé ewúrẹ́ fún ọdún pípẹ́, kí ó wo ọrùn èèpo kọ̀ọ̀kan dáadáa bóyá ó ti sán, kí ó má sì tẹ̀ ẹ́.

Ìyẹ̀fun funfun tí ó bá wà lára òjé jẹ́ májèlé. Kí a má ṣe fẹ́ ẹ, kí a má ṣe fi ẹnu kan ọwọ́, kí a sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí a tó jẹun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwọ̀n

Ìwọ̀n mẹ́ta ni ó máa ń fi orúkọ ọ̀pọ̀ èèpo hàn: gígùn èèpo láti ìdí dé ẹnu, fífẹ̀ inú ẹnu rẹ̀, àti fífẹ̀ ìdí rẹ̀. Kí a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí pé ẹnu tí a ti tẹ̀ lè purọ́. Kí a tún wo etí ìdí: bí etí bá yọ síta ju ara èèpo lọ, ìran àwọn tí ó ti pẹ́ ni ó sábà máa ń jẹ́ tàbí ti ọdẹ, bí ìdí àti ara bá dọ́gba, tí a sì gé kòtò yíká sáàárín wọn, ti ìbọn ayára-yìn ìgbàlódé ni.

Èyí tí ó gùn tó mìlímítà 56, tí ó ní etí, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 13.7, tí ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín, ni .303 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1888. Èyí tí ó gùn tó 51, tí kò ní etí, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó 12, ni 7.62 ti àjọ NATO, tí ìbọn FN àti G3 ń lò. Bí èèpo aláìletí bá kúrú tó nǹkan bí 39, tí ara rẹ̀ sì ń tín-ín-rín láti ìdí lọ sókè, ti AK-47 ni. Kí a fi òòfà kàn án, nítorí pé irin tí a fi ọ̀dà kùn ni ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀. Èyí tí ó kúrú tó 19, tí ó sì dúró ṣánṣán láìní ọrùn, ni ti ìbọn ìléwọ́ 9 mìlímítà. Kátíríìjì ọdẹ tí ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 12, ní ìdí idẹ tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó 22, pépà tàbí ike sì ni ìyókù ara rẹ̀. Onípépà ni ó ṣáájú, oníke kò sì wọ́pọ̀ títí di àwọn ọdún 1960. Àwọn ọdẹ kan àti àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń tún kátíríìjì tí a ti yìn kì, nítorí náà ìdí àtijọ́ lè gbé ẹ̀tù tuntun, ojú abẹ́rẹ́ tí a rí níbẹ̀ kò sì jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àmì ìdí

Kí a mú èèpo náà sí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí òjìji lè wọ inú àwọn lẹ́tà, kí a sì wo ìdí rẹ̀ nínú awò. Lára .303, a sábà máa ń rí lẹ́tà ilé-iṣẹ́, ọdún, àti nọ́ńbà Róòmù tí ó ń sọ irú rẹ̀. VII, tí í ṣe irú keje, jáde ní 1910, nítorí náà èèpo tí ó bá ní in kò lè ṣáájú ọdún náà. K jẹ́ àmì Kynoch ní Birmingham. R àti L tí ọfà wà láàárín wọn jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Woolwich. Ọdún lè pé, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà méjì tí ó gbẹ̀yìn. Èèpo .303 tí ó ní 43 lára jẹ́ ti àkókò tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ sí Bọ́ma nínú ìpín ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ṣe é ni àmì náà ń sọ, kì í sọ ọdún tí wọ́n yìn ín, àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà sì lo irú ìbọn yìí pẹ́ lẹ́yìn òmìnira.

Àgbélébùú kékeré nínú òbírí kan túmọ̀ sí pé ìlànà NATO ni wọ́n tẹ̀ lé, kò sì lè ṣáájú àwọn ọdún 1950. Lára kátíríìjì ọdẹ, lẹ́tà ICI jẹ́ ẹ̀rí pé kò ṣáájú 1926, ọdún tí a dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nọ́ńbà lásán láìsí lẹ́tà wọ́pọ̀ lára ọta tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá: ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́, èkejì sì jẹ́ ọdún.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń kun ìlà róbótó yí ìtanná ká: elésèé àlùkò fún ọta lásán, pupa fún èyí tí ó ń tan iná bí ó ti ń lọ, àwọ̀ ewé fún èyí tí ó ń lu irin. Bí àwọ̀ bá wà ní ṣóńṣó ọta fúnra rẹ̀, ohun mìíràn tí ó ń jó lè wà nínú rẹ̀, kí a fi í kún àwọn tí a kò ní fọwọ́ kàn.

Ìgbésẹ̀ keje: èyí tí kò ní àmì rárá

Ibí ni ìtàn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti wúlò jù lọ, ibí náà sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèpo ọ̀rúndún 19 kò ní lẹ́tà kankan ní ìdí, nítorí náà bí wọ́n ṣe ṣe é ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Èèpo ìbọn Snider, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1866, kúrú, ó sì sanra, ó gùn tó nǹkan bí mìlímítà 51, ọta rẹ̀ sì fẹ̀ ju 14 lọ. Idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ká bí ẹní ni ara rẹ̀, irin sì ni àwo ìdí rẹ̀. Nínú ilẹ̀ pupa tí ó tutù, irin náà máa ń dípẹtà, idẹ fẹ́lẹ́ náà a sì máa ya, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí a máa ń rí ni àwo irin kékeré kan tí ihò wà láàárín rẹ̀ àti àkísà idẹ aláwọ̀ ewé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni yóò ju irú rẹ̀ nù pé ìdọ̀tí ni. Martini-Henry, tí ó tẹ̀ lé e ní 1871, gùn tó nǹkan bí 59, ọrùn rẹ̀ sì há lójijì kúrò nínú ara tí ó sanra, ọta rẹ̀ sì fẹ̀ ju 11 lọ.

Kí olùkójọ wá fi èyí wé ohun tí a mọ̀ nípa ogun tí ó jà ní agbègbè rẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1865, àwọn ọmọ ogun tí Glover, aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rán láti Èkó lé àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá tí ó dó ti Ìkòròdú kúrò, wọ́n sì lo rọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Snider kò tíì di ìbọn ológun ní ọdún náà. Ẹnu ni wọ́n ṣì ń gbà ki ìbọn, pépà sì ni wọ́n fi ń di ẹ̀tù àti ọta pọ̀. Ìdí nìyí tí èèpo idẹ kankan tí a bá rí ní Ìkòròdú kò fi lè jẹ́ ti ogun 1865, bí ó ti wù kí ẹni tí ó ni ín fi ọwọ́ sọ̀yà tó. Ohun tí ogun náà lè fi sílẹ̀ ni òjé róbótó, òjé gígùn tí ìdí rẹ̀ jinnú, àti àwọn ẹ̀yà rọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Ti Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀. Ní oṣù Èbìbí 1892, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀gágun Scott ṣáájú fún ti gbéra lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú jà. Ìjà tí ó le jù wáyé ní Ìmàgbọ̀n ní ọjọ́ 19, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì. Ìbọn Maxim, àgbá kéékèèké àti rọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wọn, àwọn Ìjẹ̀bú náà sì ní ìbọn Snider. Nítorí náà, bí èèpo Snider tàbí Martini-Henry bá jáde láti ilẹ̀ lójú ọ̀nà yìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ogun náà, a sì gbọ́dọ̀ kọ ibi tí a ti rí i sílẹ̀ láìfi ọ̀la dọ́la.

Òjé róbótó kò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìpàdé Brussels tí ó wáyé ní 1890 fòfin de kíkó ìbọn tuntun àti kátíríìjì wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fi ìbọn àkì-lẹ́nu àti ẹ̀tù ọjà sílẹ̀. Èyí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ṣakabùlà wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa títí di òní. Òjé kan náà lè jẹ́ ti ìgbà tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò, wà ní Ẹ̀pẹ́ láàárín 1851 sí 1862, ó sì lè jẹ́ ti ọdẹ kan ní ọdún tí ó kọjá. Fìlà bàbà kékeré tí a ń fi sórí ọmú ṣakabùlà máa ń wà nínú irú agolo báyìí pẹ̀lú. Bí kò bá tíì fọ́, ìtanná gidi ni.

Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Àwọn kan máa ń ya àwòrán ọta tí ó kún, wọn a sì gbé e sórí Facebook tàbí WhatsApp láti béèrè orúkọ rẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ. Àwọn mìíràn máa ń ta agolo náà fún oníkóńdẹ́ẹ̀mù, wọn kò sì ronú pé inú iná ni idẹ náà ń lọ, àti pé ẹni tí yóò dúró ti iná náà kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Àwọn kan ń fi èèpo ṣe ẹ̀gbà ọrùn tàbí ohun ìdìkọ́kọ́rọ́ láìwo ìtanná rẹ̀. Ó tún wọ́pọ̀ pé kí ènìyàn rí lẹ́tà kan ní ìdí, kí ó sì dá a lẹ́jọ́ lórí lẹ́tà náà nìkan. Ìwọ̀n, bí wọ́n ṣe ṣe é, àmì àti ibi tí a ti rí i gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Bí ọ̀kan bá tako ìyókù, kí a kọ ọ́ pé a kò tíì mọ̀ ọ́n. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ohun tí a ó ṣe sí èyí tí ó kún

Kí olùkójọ má ṣe gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó pe 112 tàbí 767, tàbí kí ó lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá àgọ́ tí ó sún mọ́ ọn lọ́wọ́ òfìfo, kí ó ṣàlàyé, kí ó sì béèrè fún ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ó ń bójú tó ohun abúgbàù. Ó dára kí ó mú agbẹjọ́rò, baálẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò dání gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gba ìwé tí ó fi hàn pé wọ́n ti gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ jẹ́wọ́ kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ká a mọ́ lọ́wọ́.

Ní ti èèpo òfìfo àtijọ́ tí ó ní àkọsílẹ̀ dáadáa, pàápàá àwọn Snider àti Martini-Henry láti agbègbè Ẹ̀pẹ́, kí olùkójọ kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Oníkàn, kí ó fi àwòrán àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, kí ó sì dúró de èsì wọn kí ó tó gbé ohunkóhun kúrò nílé. Bí òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́lẹ̀ tàbí ọmọdé bá sì tún rí òmíràn nínú ilẹ̀ lọ́la, kí ó má ṣe wú u: kí ó fi igi sàmì síbẹ̀, kí ó lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn, kí ó sì pe 112.